Kí Wọ́n Tó Ṣiṣẹ́ Abẹ Eegun fún Àgbà: Ẹ Kó Gbogbo Oògùn Wọn Wá

Bí Màmá bá ṣubú ní balùwẹ̀ tàbí lóko kòkó, tí ẹsẹ̀ kan wá kúrú ju èkejì lọ, tí àtẹ́lẹsẹ̀ náà sì yí síta, ó ṣeé ṣe kí eegun ìbàdí ti ṣẹ́. Bí ẹ ṣe máa gbé wọn dé ilé ìwòsàn ní Ifẹ̀ tàbí Wesley Guild ní Iléṣà, a mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí ẹ ń fi pamọ́ bí ẹ bá débẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa.

Dókítà á béèrè oògùn tí wọ́n ń lò. Ẹ ó ní wọn kì í lo nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ Alabukun wà ní ìdí aṣọ wọn, ìgò àgbo sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnikẹ́ni kò ní bá yín jà nítorí àgbo. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan: oníhóró, olómi, oníyẹ̀ẹ́fun, ti kẹ́míìsì àti ti alágbo Ọjà Atakúnmọ̀sà. Ẹ kọ iye tí wọ́n ń lò lójúmọ́ àti ìgbà tí wọ́n lò ó kẹ́yìn.

Ásípírínì wà nínú Alabukun, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, le jù ú lọ: wọ́n sábà máa ń dúró kí INR, ìyẹn òǹkà àyẹ̀wò tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì hàn, wálẹ̀ sí abẹ́ 1.5 kí wọ́n tó lo abẹ. Èyí tó burú jù ni àpòpọ̀ oògùn tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá fún orúnkún dídùn. Prednisolone tàbí dexamethasone, àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní steroid, lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lo prednisolone 5 mg lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ bí dókítà akunnilóorun kò bá mọ̀. Ẹ sì ń tijú láti fi hàn!

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì yọ́ ọ fún wọn lẹ́yìn nọ́ọ̀sì.

Oúnjẹ dúró ní wákàtí 6 ṣáájú iṣẹ́ abẹ; oúnjẹ ni ògì, oúnjẹ ni tíì oní-mílíìkì. Omi lásán lè dé wákàtí 2, bí nọ́ọ̀sì bá gbà. Ẹ má febi pa àgbàlagbà láti alẹ́ àná di ọ̀sán.

Ẹ sọ bí wọ́n ṣe ṣubú. Ṣé ẹsẹ̀ kọ nǹkan ni, àbí ojú wọn ṣókùnkùn kí wọ́n tó ṣubú? Ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, èkejì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkàn, wọn yóò sì yẹ ọkàn náà wò. Ẹ sọ bóyá wọ́n ṣì ń dá rìn lọ sóko kí wọ́n tó ṣubú.

Ẹ má kọ́kọ́ lọ jókòó sọ́dọ̀ teguntegun. Igi tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ kò lè di ìbàdí mú. Kò yẹ kí wákàtí 48 kọjá kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Bí wọ́n bá ti pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, egbò ìdí àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró á wọlé.

Bí wọ́n bá ṣàdédé ń sọ ìsọkúsọ lóru, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé. Ìrora, ìtọ̀ tó há tàbí omi tó gbẹ lára ló sábà máa ń fà á.