Bí A Ṣe Ń Dá Ìlòkulò Mọ̀ Láàárín Lọ́kọláya àti Olólùfẹ́

Tí ojú ò bá wú, tí ètè ò bẹ́, ọ̀pọ̀ ìdílé ò ní gbà pé ẹnikẹ́ni ń jìyà. Wọ́n á ní kí ìyàwó ṣe sùúrù, pé ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ọ̀pọ̀ dúró síbi tó yẹ kí wọ́n ti sá. Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2007 lórí ìwà ipá nínú ilé kò mọ sórí lílù: fífi ebi pani, ìbanilọ́kànjẹ́, fífi owó nini lára àti fífi ipá báni lò pọ̀ wà nínú rẹ̀.

1. Ẹ wo ẹ̀rù ná. Kò sí ilé tí wọn kì í jà. Níbi tí ara ti rọni, ẹni méjèèjì lè sọ pé "mi ò fẹ́", kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ láìsí ìyà. Àmọ́ bí ẹ bá ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ, tí àwọn ọmọ ń dákẹ́ bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró géètì, kì í ṣe ìjà lásán.

2. Ẹ tú ọ̀rọ̀ owó wò. Ibí yìí ni ìlòkulò ti máa ń fara sin jù, torí ó jọ ìtọ́jú. Olólùfẹ́ yín á ní òun á máa bá yín tọ́jú káàdì ATM. Owó oṣù wọlé, ẹ̀yin lẹ wá ń bẹ̀bẹ̀ owó ọkọ̀. Tàbí kó ní kẹ́ ẹ palẹ̀ ọjà mọ́, kẹ́ ẹ jókòó sílé; lọ́jọ́ tó bá bínú, kò sí owó oúnjẹ. Òmíràn á kó àjọ ìyàwó, á tún fi orúkọ rẹ̀ yáwó. Kí ọkọ àti aya jọ ṣètò owó kò burú rárá. Ohun tí ẹ ó bi ara yín ni pé: ṣé mo mọ ohun tó ń wọlé, ṣé mo lè ná nínú rẹ̀ láìbẹ̀rù? Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ìwà ipá, tó múlẹ̀ ní Àbújá, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti ṣe irú rẹ̀, sọ pé ẹni tó bá fi ipá sọ ẹlòmíràn di ẹni tí yóò máa gbójú lé òun fún owó lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2.

3. Ẹ ka àwọn tó kù lẹ́yìn yín. Ta lẹ ṣì lè pè? Ọ̀rẹ́ á kọ́kọ́ di "ẹni tó ń bà ọ́ jẹ́", àbúrò á di àlejò tí wọn ò fẹ́, ìyá yín á di àjẹ́. Ẹ̀yìn náà ló kan fóònù: ó ń ka WhatsApp yín, ó ní kẹ́ ẹ fi fídíò hàn òun pé ibi tẹ́ ẹ ní ẹ wà lẹ wà. Wọ́n á ní owú ìfẹ́ ni. Òfin 2015 yẹn ka fífi ipá yani kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀.

4. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ sì wo ibùsùn. Èébú níwájú ọmọ, "àgàn ni ọ́", "màá pa ara mi tó o bá lọ". Owó orí tí wọ́n san kò sì sọ "rárá" di "bẹ́ẹ̀ ni".

5. Ẹ wo ọwọ́. Bó bá ti fún yín lọ́rùn rí, ẹ má dúró de ẹlẹ́ẹ̀kejì: ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ ti fún lọ́rùn wà nínú ewu ikú gan-an. Ẹ lọ sílé ìwòsàn bí ọgbẹ́ ò tilẹ̀ hàn. Ọkùnrin náà ń jẹ irú ìyà yìí, ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́; òfin ń dáàbò bo àwọn náà.

6. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ìyà àti ẹ̀bẹ̀ bá ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn léraléra, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Ẹ fi ìwé náà sọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, kì í ṣe inú fóònù tó ń yẹ̀ wò. Ní Èkó, ẹ lè pe DSVA, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí, lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 08000 333 333. Ilé ẹjọ́ sì láṣẹ láti fún yín níwèé ààbò tí kò ní jẹ́ kí ẹni náà sún mọ́ yín.