Ìwé ìsàmì tí wọ́n fi dógò: ìrírí mi nígbà tí a ń múra ìgbọ́wọ́lé

Inú mi kò tíì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́. Ohun tí a ná tán lórí ìgbọ́wọ́lé tó kọjá, ìsìn tí Bíṣọ́ọ̀bù fi ń gbé ọwọ́ lé àwọn tó ti gba ìsàmì lórí, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó tí PCC, ìgbìmọ̀ ìjọ wa, fọwọ́ sí. Kì í ṣe oúnjẹ àlejò ló gbé owó náà lọ, kì í sì í ṣe aṣọ funfun àwọn ọmọ. Ìwé ìsàmì kan ṣoṣo ni, tó yẹ kó wà nínú àpótí irin ní fẹ́sítìrì, yàrá ìmúra àwọn àlùfáà, ṣùgbọ́n tó ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan ní àdúgbò kejì.

Fíkà ni mí, àlùfáà tó ń darí ìjọ, ní ìjọ Áńgílíkà kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Bí ẹ bá bi ọmọ ìjọ léèrè iṣẹ́ tí fíkà ń ṣe, wọn á ní ó ń wàásù, ó ń fún wa ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ó ń sin òkú, ó ń so tọkọtaya pọ̀, ó ń bẹ aláìsàn wò, ó sì ń ṣe alága PCC. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo ń ṣe wọ́n, mo sì fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ, tí kò sẹ́ni tó máa dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ yín: ìtọ́jú ìwé. Orúkọ ẹni tí a sàmì fún, orúkọ ẹni tó ṣègbéyàwó, orúkọ ẹni tí a sin. Ọwọ́ fíkà àti àwọn wọ́dìn, ọmọ ìjọ méjì tó ń bójú tó dúkìá ìjọ, ni wọ́n wà, kì í ṣe ọwọ́ akọ̀wé.

Nígbà tí lẹ́tà Bíṣọ́ọ̀bù dé pé òun ń bọ̀, ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀. Àwọn ọmọ wa ti ń retí ìgbọ́wọ́lé tipẹ́. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa kíláàsì, torí ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ ní Kátíkísímù mọ bó ṣe ń rí: Ìgbàgbọ́ Àwọn Àpọ́sítélì, Òfin Mẹ́wàá, Àdúrà Olúwa, àti ohun tí sákráméǹtì jẹ́. Kátíkísì wa, olùkọ́ ìjọ, dáńtọ́ nínú iṣẹ́ yẹn. Àwọn ọmọ tí kò lè pa ẹnu pọ̀ ka Òfin Mẹ́wàá ní ìbẹ̀rẹ̀ ń kà á ní àkọ́sórí kí a tó parí, orí mi sì wú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni fọ́ọ̀mù tí ọ́fíìsì dáyósíìsì, ẹkùn tí Bíṣọ́ọ̀bù ń darí, fi ránṣẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ́ ọjọ́ ìsàmì àti ibi tí wọ́n ti ṣe é, kí fíkà sì buwọ́ lù ú. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìwé Àdúrà wa fúnra rẹ̀ sọ pé àlùfáà pàríṣì ni yóò kọ orúkọ àwọn tí ó rí i pé wọ́n yẹ, tí yóò buwọ́ lù ú, tí yóò sì mú un tọ Bíṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹni tí kò gba ìsàmì kò sì lè gba ìgbọ́wọ́lé. Mo wá ṣí àpótí irin. Ìwé tuntun wà níbẹ̀, èyí tó ti pẹ́ jù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí wà nínú rẹ̀, kò sí.

Àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi pàríṣì lé mi lọ́wọ́ wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ka ife ìdàpọ̀, wọ́n ka àga, wọ́n ka jẹnẹrétọ̀. Níwájú “ìwé ìsàmì”, “ó pé” ni wọ́n kọ. Kò pé! Ẹni tó kọ ọ́ kò ṣí àpótí náà wò kó tó kọ ọ́, ìyẹn sì ń dùn mí dòní.

Akọ̀wé ìjọ àtijọ́ ló mú ìwé náà lọ sílé. Bàbá àgbà ni, ẹni tó ti sin ìjọ ju bí ọjọ́ orí àwọn mìíràn nínú PCC ti tó lọ. Mo lọ bá a nílé.

“Ẹ káàsán, bàbá.”

“Ẹ káàbọ̀, Fíkà. Ẹ jókòó. Ẹ bá wa mu omi.”

Mo mu omi. A béèrè àlàáfíà ilé, a béèrè tọmọtọmọ. Nígbà tó yá, mo ní ìwé ìsàmì ni mo bá wá. Ojú bàbá yí padà.

“Fíkà, ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ mí lówó. Ìjọ ló jẹ mí. Owó mi ni mo fi tẹ ìwé ètò ìkórè, wọ́n ní àwọn á san án, wọn ò san án. Ọjọ́ tí wọ́n bá san án, ẹ óò gba ìwé yín kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi orúkọ àwọn ọmọ Ọlọ́run dógò nítorí owó ìtẹ̀wé.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé PCC, mo rò pé yóò parí níbẹ̀. Wọ́dìn Ìjọ dìde, ó ní, “Fíkà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a ò lè san owó tí kò ní rìsíìtì. Kí la fẹ́ sọ fún àwọn tó ń yẹ ìṣirò wò ní ìpàdé Fẹ́sítìrì, ìpàdé gbogbo ìjọ?” Ẹnì kan ní kí a pe ọlọ́pàá. Mo kọ̀. Àlùfáà tó bá kó ọlọ́pàá lọ sílé ọmọ ìjọ rẹ̀ tó ti darúgbó, ojú wo ni yóò fi gbé ife ìdàpọ̀ fún un lọ́jọ́ Ìsinmi? Ẹlòmíràn ní kí a kàn sàmì fún gbogbo àwọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ọkàn wa lè balẹ̀. Inú bí mi gan-an sí ìyẹn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ là ń dúró tí à ń jẹ́wọ́ nínú Ìgbàgbọ́ Nísíà pé ìsàmì kan ni a gbà fún ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, a ò sì lè tìtorí àìtọ́jú ìwé wa sọ ọ́ di méjì. Ìpàdé yẹn tú láìsí ojútùú, òmíràn tẹ̀ lé e, ó tú bẹ́ẹ̀. Bàbá kò rọ̀, PCC kò rọ̀, ọjọ́ Bíṣọ́ọ̀bù sì ń sún mọ́lé.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ rò pé ìwé lásán ni mò ń jà fún. Mo ní kí PCC gbọ́ mi. Ọdún 1538 ni Thomas Cromwell ti pàṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí gbogbo pàríṣì ní ìwé tí wọn yóò máa kọ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí. Òfin Ìjọ ti 1603, òfin 70, ní kí wọ́n tọ́jú ìwé náà sínú àpótí tó ní àgádágodo mẹ́ta: kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ àlùfáà, méjì tó kù lọ́wọ́ àwọn wọ́dìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá ṣí i. Ó tún ní kí wọ́n máa fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bíṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún. Àwọn tó ṣòfin yẹn mọ ìwà ènìyàn.

Ẹ wo Àjàyí Crowther. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni wọ́n sàmì fún un ní Sàró (Sierra Leone). Àfàlà ìyá rẹ̀ gba ìsàmì ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1848, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Ìyá àti ọmọ tí ogun ẹrú ti yà sọ́tọ̀, a ṣì lè fi ìka tọ́ ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn wọ inú ìjọ. Ní pàríṣì tèmi, ọmọ tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, a ò lè sọ ọjọ́ ìsàmì rẹ̀! Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbà wa tí wọ́n bí tipẹ́ kí òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ti 1992 tó jáde: ìwé ìsàmì nìkan ni ẹ̀rí ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní.

Bí wọ́n ṣe ń jiyàn, mi ò káwọ́ gbera. Mo kéde pé kí òbí tó bá ní káàdì ìsàmì mú un wá. Àwọn kan mú un wá. Ìyá ọmọ kan kò rí káàdì, fọ́tò ló mú wá. Ọmọ wà lọ́wọ́ àlùfáà nínú fọ́tò náà, aṣọ funfun rẹ̀ gùn kọjá ẹsẹ̀, omi ń kán láti iwájú orí rẹ̀, déètì sì wà ní igun ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, bí kámẹ́rà ìgbà yẹn ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọmọ, gèlè rẹ̀ ga. Mo béèrè ẹni tó jẹ́. Ìyá ìsàmì ọmọ ni, ó sì wà ní Òṣogbo. Mo pè é lórí fóònù, ó wá fúnra rẹ̀, ó kọ ẹ̀rí, ó buwọ́ lù ú níwájú àwọn wọ́dìn. Ọjọ́ yẹn ni mo rí ìwúlò òfin Ìwé Àdúrà pé kí ọmọkùnrin ní baba ìsàmì méjì àti ìyá ìsàmì kan, kí ọmọbìnrin ní ìyá méjì àti baba kan. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni. Bí ìwé bá sọnù, ó yẹ kí ọ̀kan nínú wọn ṣì wà láyé. Archdeacon wa, àlùfáà àgbà tó wà lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù, gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ sì bọ́ níbẹ̀.

Èyí tó ṣí ọ̀nà fún ìwé náà gan-an ni atẹ̀wé. Ẹnikẹ́ni kò ronú kan ọkùnrin náà, gbogbo wọn kàn ń pariwo pé kò sí rìsíìtì. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá ibi tó ti tẹ ìwé ètò ìkórè, ó ní Iléṣà ni. Mo lọ síbẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ kó ìwé rìsíìtì àtijọ́ jáde látinú páálí, a jọ ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, eruku bo àwa méjèèjì, títí a fi kan ẹ̀dà kábọ̀n tí orúkọ ìjọ wa wà lórí rẹ̀ gbàǹgbà. Ayọ̀ mi kò ṣe é sọ. Mo ya fọ́tò rẹ̀, ó sì tún fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà kan fún mi.

PCC san owó orí rìsíìtì náà. Bàbá ní ó kù owó mọ́tò tí òun wọ̀ lọ tí òun wọ̀ bọ̀ nígbà ìtẹ̀wé náà. PCC ní àwọn ò mọ̀ nípa ìyẹn. Èmi ni mo san án látinú àpò ara mi, kí ọ̀rọ̀ lè tán.

Nínú àpò ìrẹsì ni bàbá ti mú ìwé náà jáde. Eku ti jẹ igun rẹ̀, òjò sì ti kàn án nígbà kan rí. Ní àwọn ojú ìwé kan, yíǹkì ti ṣàn, orúkọ ọmọ ti parẹ́, orúkọ òbí ti parẹ́, ìbuwọ́lù àlùfáà nìkan ló dúró ní ìparí ìlà. Mo fẹ́ sunkún. Síbẹ̀ a rí àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tí à ń wá.

Ó ku àwọn ọmọ méjì tí kò sí nínú ìwé, tí kò ní káàdì, tí òbí ìsàmì wọn sì ti kú tàbí tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí wọ́n wà. Fún irú wọn, Ìwé Àdúrà ti la ọ̀nà sílẹ̀: àlùfáà yóò ní, “Bí a kò bá tíì sàmì fún ọ tẹ́lẹ̀, mo sàmì fún ọ,” kó tó pe orúkọ Baba àti ti Ọmọ àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Ìyá ọ̀kan nínú wọn dojú kọ mí.

“Fíkà, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé látọjọ́ yìí, ọmọ mi kì í ṣe Kristẹni ni?”

“Rárá o, màmá. Bí ẹ bá ti gbé e wá nígbà yẹn, èyí kò pa á rẹ́, kò sì fi nǹkan kan kún un. Ọ̀rọ̀ ‘bí’ tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi, ohun tí ẹ ti ṣe ló ń dáàbò bò.”

Ó dákẹ́, ó mi orí. Lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló mú ọmọ dúró níwájú àwo ìsàmì.

Bíṣọ́ọ̀bù dé, ó gbé ọwọ́ lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ilé Ọlọ́run kún, fọ́ọ̀mù wa kò ní àlàfo kankan. Kò sí pàríṣì tí yóò mú fọ́ọ̀mù tó dára ju tiwa lọ wá, mo sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà.

Ẹ̀yin àlùfáà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ sí pàríṣì tuntun, ẹ má buwọ́ lu àkọsílẹ̀ kankan kí ẹ tó fojú ara yín rí ìwé ìsàmì, kí ẹ sì ṣí i lójú ewé sí ojú ewé. Bí wọ́n bá ní ó wà nílé akọ̀wé, ẹ lọ gbà á lọ́jọ́ náà gan-an, kí ìjà kankan tó bẹ́ sílẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ti sìn ṣáájú bóyá ìjọ jẹ wọ́n lówó, ẹ san án kó tó di ẹ̀tanú. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí káàdì ìsàmì ọmọ yín kọjá ibi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí.

Ní tiwa, mo ti ra àgádágodo mẹ́ta. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, Wọ́dìn Àlùfáà ní ọ̀kan, Wọ́dìn Ìjọ ní ọ̀kan. Kátíkísì àti àwọn ọ̀dọ́ kan ń ṣe àdàkọ ìwé tó bàjẹ́ náà sínú tuntun, mo sì ń yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò kí n tó buwọ́ lù ú. Wọ́n ti ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé, ẹ̀dà kan ti lọ sí ọ́fíìsì dáyósíìsì. Owó tí mo fi kún un látinú àpò mi kò tíì padà. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìnáwó tí a óò kà ní ìpàdé Fẹ́sítìrì tó ń bọ̀, mo sì máa béèrè fún un níwájú gbogbo ìjọ.