Bí mo ṣe rí ìdí tí hítà ilé wa kò fi gbóná mọ́

Ọyẹ́ ti mú gan-an ní Ìbàdàn lọ́jọ́ tí màmá mi jáde nílé ìwẹ̀, tí wọ́n ń gbọ̀n. "Àkànní, omi yìí ò gbóná mọ́ o." Eékún ń dùn wọ́n, omi gbígbóná ló ń bá wọn lára mu láràárọ̀, nítorí náà mi ò jẹ́ kó dọ̀la.

Hítà tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri ni tiwa, lítà 50, wáàtì 1500. Bí iná bá pé fóltì 220, omi á fi bíi wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú gbóná láti ìwọ̀n Celsius 25 dé 60. Ṣùgbọ́n bí iná bá já wálẹ̀ sí 150, agbára hítà kì í tó ìdajì mọ́, ó lè gbà á tó wákàtí mẹ́ta. Ẹni tí kò mọ èyí lè lọ ra hítà tuntun lásán. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ́kọ́ fi mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń dán iná wò, kì í ṣe mítà NEPA, wo iná ilé: fóltì 215. Kì í ṣe iná.

Mo pa bírékà hítà, mo lẹ téèpù mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà tàn án. Nígbà tí mo ṣí ìdérí ìsàlẹ̀, mo tún fi mítà wò ó pé kò síná lójú wáyà kankan kí n tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò bá ní mítà, kó pe oníṣẹ́ iná; ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀mí yín dán an wò.

Mo wọn ẹ́límẹ́ǹtì, irin inú hítà tó ń mú omi gbóná, bó ṣe ń dènà iná sí: ohm 32 ni. Bó ṣe yẹ kí ti wáàtì 1500 rí nìyẹn. Kò sì jo iná sára irin. Bọ́tìnnì pupa ara tọ́mósítáàtì (ohun tó ń pa iná bí omi bá ti gbóná tó), tó máa ń já iná bí hítà bá gbóná kọjá ààlà, ló ti yọ síta. Mo tẹ̀ ẹ́ wọlé, omi gbóná lálẹ́ ọjọ́ yẹn, màmá mi sì wúre fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún já.

Bọ́tìnnì yẹn kì í ṣàdédé já, ooru ló ń lé e. Ìgbà náà ni mo rántí pé ó ti tó oṣù mélòó kan tí hítà náà ti ń dún bí ìgbà tí gúgúrú ń ta nínú agbada. Omi borehole là ń lò. Mo tún pa bírékà, mo ti omi tó ń wọlé, mo jẹ́ kí èyí tó wà nínú rẹ̀ tutù, mo ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná kí atẹ́gùn lè wọlé, mo sì fi họ́ọ̀sì fa gbogbo rẹ̀ dànù. Nígbà tí mo tú ẹ́límẹ́ǹtì jáde, èépá funfun ti bò ó nípọn bí ìka ọwọ́, ó ti so òun àti ihò tọ́mósítáàtì pọ̀. Ooru kò ráyè bọ́ sínú omi, ara tọ́mósítáàtì ló ń padà sí. Ọ̀pá magnesium tí wọ́n fi síbẹ̀ kí ìpẹtà lè máa jẹ ẹ́ dípò irin hítà ti tán, ó ku wáyà àárín rẹ̀ nìkan.

Mo rẹ ẹ́límẹ́ǹtì sínú fínígà mọ́jú, èépá náà rọ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ kúrò. Mo bu èyí tó dì sísàlẹ̀ hítà jáde, mo ra ọ̀pá tuntun àti rọ́bà ìdènu rẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú jù ni fáàfù ojú ọ̀nà omi tútù. Ẹni tó bá wa gbé hítà náà kọ́ ti fi rọ́bà dí ẹnu rẹ̀ torí pé ó ń kán. Omi tó ń gbóná a máa fẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń rí ọ̀nà jáde. Bí a bá dí i, tí tọ́mósítáàtì sì kọ̀ láti pa iná, hítà lè bú gbàmù. Orí màmá mi ni ì bá sì bú lé! Mo yọ rọ́bà náà, mo fi họ́ọ̀sì kékeré darí ìkán náà síta.

Mi ò tan iná títí hítà fi kún, tí ẹ̀rọ omi gbígbóná ń ṣàn geere láìtu atẹ́gùn mọ́, nítorí ẹ́límẹ́ǹtì tí kò sí nínú omi á jóná. Lẹ́yìn náà mo tan bírékà. Kò ta bí gúgúrú mọ́. Mo fi máákà kọ ọjọ́ náà sára rẹ̀, kí n lè tún ṣí i wò kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ tó dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá mi pè mí láti ilé ìwẹ̀ pé kí n bá àwọn bu omi tútù wá.