Bí mo ṣe to àtẹ àwọn obìnrin tó gba góòlù nínú time trial

Àríyànjiyàn ló bí i. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fọwọ́ sọ̀yà pé kò sóbìnrin tó gba góòlù àgbáyé tó Annemiek van Vleuten nínú time trial, ìyẹn eré kẹ̀kẹ́ tí oníkálukú máa ń dá gùn, tí aago á wá sọ ẹni tó yára jù. Èmi ní ó ti o, Kristin Armstrong ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ di ariwo, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká wá rí i." Mo rò pé iṣẹ́ alẹ́ kan ṣoṣo ni. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí.

Ìwé àti gègé ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ ara mi: tí mo bá ti ń lẹ nǹkan mọ́ Excel, ojú mi kì í sí níbẹ̀ mọ́. Mo fa òpó mẹ́rin: ọdún, ìlú, orúkọ, orílẹ̀-èdè. Ọdún 1994 ni wọ́n kọ́kọ́ fi eré yìí kún ìdíje àgbáyé, ní Sicily lórílẹ̀-èdè Ítálì, Karen Kurreck ará Amẹ́ríkà ló sì gbà á. Láti ibẹ̀ dé Kigali ní Rwanda lọ́dún 2025, wọn ò fo ọdún kankan, nítorí náà ìlà 32 ni mo ní láti kún. Ìyẹn wúlò ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbàkigbà tí mo bá kà á tí kò pé 32, mo mọ̀ pé mo ti fo ẹnì kan.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ò pẹ́ dé. Níbi ìdíje àgbáyé kan náà, eré mìíràn wà tí gbogbo wọn á jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, góòlù rẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí mo dé 1995, ní Colombia, mo rí Jeannie Longo ará Faransé níbi méjèèjì. Mo ní mo ti da wọ́n pọ̀ nìyẹn, mo bá pa ọ̀kan rẹ́. Odindi wákàtí kan ni mo fi ń wá ẹni tí màá fi dí àyè yẹn kó tó hàn sí mi pé obìnrin náà ló gba méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Anna van der Breggen ṣe ní Imola, ní Ítálì, lọ́dún 2020, ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín góòlù rẹ̀ méjèèjì.

Orúkọ ni wàhálà kejì. Nígbà tí mo wá kó o sínú Excel tí mo ní kó tò ó ní a-b-d, àwọn ará Nẹ́dálándì rọ́ lọ sábẹ́ V bí ọmọ ìyá kan náà: van Dijk, van Moorsel, van Vleuten, van der Breggen. Leontien van Moorsel tún ń jẹ́ Zijlaard láwọn ibì kan, orúkọ ọkọ rẹ̀, mo sì ti kà á sí ènìyàn méjì. Ẹni 21 ni mo kọ́kọ́ kà. 20 ni wọ́n. Armstrong tèmi náà kò bá Lance Armstrong, ọkùnrin agunkẹ̀kẹ́ tí wọ́n gba ife lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí oògùn, tan rárá. Mo ní láti sọ ọ́ torí ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi ìyẹn yọ mí lẹ́nu. Ti Linda Villumsen ló jẹ́ kí n ronú díẹ̀. Dẹ́nmárkì ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n New Zealand ló gùn fún nígbà tó gba góòlù ní Richmond lọ́dún 2015. Aṣọ tó wà lọ́rùn ẹni lọ́jọ́ eré ni mo tẹ̀ lé.

Ojúkòkòrò wá mú mi. Mo ní n ó ṣírò iye kìlómítà tí oníkálukú ń gùn ní wákàtí kan. Mo fi Grace Brown ará Ọsirélíà dán an wò, Òlímpíìkì Paris 2024: kìlómítà 32.4, ìṣẹ́jú 39 àti ìṣẹ́jú àáyá 38. Mo tẹ 39.38, mo pín in, mo rí 49.37. Inú mi dùn. Nígbà tí mo tún un ṣe lórí ìwé ni mo rí i pé mo ti tan ara mi jẹ. Àáyá 38 kì í ṣe 38 nínú ọgọ́rùn-ún. 38 nínú 60 ni, ìyẹn 0.63. Iye gidi ni 49.05. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n nínú eré tí Villumsen ti fi nǹkan bí àáyá méjì ààbọ̀ ṣíwájú van der Breggen, kí ni kò tó nǹkan? Mo padà sídìí gbogbo nọ́ńbà tí mo ti tẹ̀. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni pé mo ya òpó ìṣẹ́jú sọ́tọ̀, mo ya ti àáyá sọ́tọ̀, kí Excel kọ́kọ́ fi 60 pín àáyá kó tó rò wọ́n pọ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn gbogbo làálàá yẹn, mo pa òpó náà rẹ́? Marlen Reusser ará Swítsàlandì gba ti Kigali pẹ̀lú nǹkan bíi kìlómítà 43 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá fi í wé ti Brown á ní Reusser ń fà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Paris tẹ́, ti Kigali jẹ́ òkè lórí òkè, ìlú ọ̀hún fúnra rẹ̀ sì fi nǹkan bíi mítà 1,500 ga ju òkun lọ. Àwọn tó bá gun ọ̀nà kan náà lọ́jọ́ kan náà nìkan ló ṣeé fi wéra.

Àyè tó ṣófo yẹn ni mo fi ṣe òpó fún ẹni kejì àti ẹni kẹta, ibẹ̀ gan-an ni àtẹ náà ti wá dùn. Kó tó di Kigali, Reusser yìí kan náà ṣe ipò kejì ní 2020, ó ṣe kejì ní 2021, ó ṣe kẹta ní 2022. Ní 2023, ní Scotland, ó dúró láàárín eré, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó lọ jókòó sórí koríko. Kò síbi tí irú ìyẹn ń wọ̀ sí nínú àtẹ. Mo kàn fi àmì ìràwọ̀ kékeré kan síbẹ̀. Brown náà ṣe kejì lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra kó tó gba góòlù ní Zurich lọ́dún 2024. Chloé Dygert ará Amẹ́ríkà ńkọ́? Ní Imola, òun ló ń ṣíwájú níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wo aago, kó tó di pé kẹ̀kẹ́ yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní kọ́nà kan, ó fò kọjá irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbọgbẹ́ tó jinlẹ̀. Ní Paris, lábẹ́ òjò, ó tún ṣubú, ó dìde, ó gba idẹ. Ohun tí Anna Henderson fi gba fàdákà mọ́ ọn lọ́wọ́ kò tó àáyá kan.

Ó wá ku èsì. Longo gba mẹ́rin: 1995, 1996, 1997, àti 2001 nígbà tó ti di ẹni ọdún 42. Ellen van Dijk gba mẹ́ta. Van Vleuten méjì, Armstrong méjì. Irọ́ làwa méjèèjì ń pa.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. Wọ́n ní góòlù ni góòlù, kí n fi ti Òlímpíìkì kún un, torí van Vleuten gba ti Tokyo. Mo ní ó dáa. Mo fi kún un, mo kọ 2021 sẹ́gbẹ̀ẹ́ Tokyo 2020 torí ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sá a. Van Vleuten di mẹ́ta. Van Moorsel tó gba ti Sydney àti Athens di mẹ́rin, ó bá Longo dọ́gba. Armstrong wá kó ti Beijing, ti London àti ti Rio wọlé, èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ó ku ọ̀la kó pé ẹni ọdún 43. Márùn-ún.

Mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Láti ọjọ́ Àìkú ni àmì pé wọ́n ti kà á ti hàn.