Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀ okùn gìtá béèsì

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń kúrò lórí okùn 45–105 (bí okùn tó tín-ín-rín jù àti èyí tó nípọn jù ṣe nípọn tó, ní ìdá ẹgbẹ̀rún íǹṣì) bọ́ sí 40–100, iṣẹ́ ò tíì parí o. Okùn tín-ín-rín kì í fa ọrùn gìtá tó ti tẹ́lẹ̀. Ọrùn á rọ́ sẹ́yìn, okùn á wá máa ha fret (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá), á máa dún jẹ̀ẹ̀ẹ̀.

Ẹ túùnù ú tán ná, kí ẹ tẹ okùn E, èyí tó nípọn jù, mọ́ fret àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn. Bí káàdì rìṣáàjì ò bá ráyè kọjá lábẹ́ rẹ̀ ní fret keje, ẹ dẹ truss rod (ọ̀pá irin inú ọrùn gìtá) díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan péré, kí ẹ tún un túùnù. Èmi fi ìwàǹwára yí i odindi rí, owó rípíà ni mo fi kọ́gbọ́n.

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó yẹ fret kejìlá wò: bí ohùn ibẹ̀ bá ga ju harmonic (ohùn tó ń jáde bí ẹ bá kàn fọwọ́ kan okùn níbẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́) lọ, ẹ fa saddle (irin kékeré tí okùn jókòó lé ní ìdí gìtá) sẹ́yìn, kó jìnnà sí ọrùn.