Ìrírí mi: ìdánwò RS256 kùnà, ti HS256 ń yege

Ìdánwò 46 ló wà nínú API kékeré kan (ètò tí àwọn ètò míì ń bá sọ̀rọ̀) tí a fi Python kọ. PyJWT, láíbúrárì Python kan, ló ń ṣe token, àmì ìdánimọ̀ tí a buwọ́ lù, tí àwọn oníbàárà fi ń wọlé síbẹ̀. HS256 àti RS256 jẹ́ ọ̀nà ìbuwọ́lù náà. Lórí kọ̀ǹpútà mi, gbogbo wọn yege. Lórí sáfà tí a ti ń dán kóòdù wò, 9 kùnà.

Mi ò ka gbogbo ìlà pupa tó jáde. pytest ni irinṣẹ́ tó ń ṣe ìdánwò wa; `pytest -x` máa ń dúró gbàrà tí ìdánwò kan bá ti kùnà, òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn rèé:

NotImplementedError: Algorithm 'RS256' could not be found. Do you have cryptography installed?

Ẹni tó bá kánjú á dúró sórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, á gbà pé PyJWT kò mọ RS256, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ẹ̀dà PyJWT. Kò ní ràn án lọ́wọ́. Ìbéèrè tó wà lópin ìlà náà gan-an ni ìdáhùn. HS256 kò nílò ju hmac àti hashlib lọ, àwọn méjèèjì sì ti bá Python wá. RS256 àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ES256 ń lo kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan ìkọ̀kọ̀, ọ̀kan gbangba, inú láíbúrárì cryptography sì ni ìṣirò wọn wà. Tí ẹ bá fi pip, irinṣẹ́ tó ń fi láíbúrárì Python sínú ẹ̀rọ, kọ `pip install pyjwt` lásán, cryptography kò ní bá a wọlé. Ìdí tí 37 fi yege nìyẹn: àwọn 9 yòókù nìkan ló ń fi RS256 buwọ́ lu token.

Mo wá béèrè níbi méjèèjì:

python -m pip show cryptography

Ẹ má fo `python -m` yẹn, torí `pip` tó wà ní PATH (àwọn ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń wá àṣẹ) lè jẹ́ ti Python mìíràn. Sáfà ní òun kò rí i. Kọ̀ǹpútà mi rí i, ó sì kọ `Required-by: paramiko` sí i. Ibẹ̀ lọ́rọ̀ ti yé mi. A ti yọ paramiko, láíbúrárì tí a fi ń fi fáìlì ránṣẹ́ lórí SFTP, kúrò nínú requirements.txt (àkójọ láíbúrárì tí ètò wa nílò) nígbà tí a kò fi SFTP ránṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n venv mi, àpò tí àwọn láíbúrárì Python wà lórí kọ̀ǹpútà mi, kò mọ̀ pé a yọ ọ́. Ẹ̀yìn paramiko ni cryptography wà látọjọ́ yìí bí ọmọ tí a pọ̀n. Bí paramiko ṣe lọ, ó bá a lọ.

`pip check` kò lè bá yín mú èyí o. "No broken requirements found" ló sọ fún mi lórí sáfà, nítorí pé kì í wo àwọn àfikún tí a ń kọ sínú àmì àkámọ́. Àtúnṣe rẹ̀ ìlà kan péré ni, nínú requirements.txt:

PyJWT[crypto]

Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ sínú zsh (ètò kan tí a ń tẹ àṣẹ sí), ẹ fi àmì ọ̀rọ̀ ká a mọ́, "pyjwt[crypto]", àìjẹ́bẹ́ẹ̀ zsh á ní "no matches found".

Nígbà tí pip fẹ́ fi cryptography sórí sáfà, àṣìṣe míì tún yọjú: can't find Rust compiler. Àwọn ẹ̀dà tuntun lè dárúkọ Cargo, irinṣẹ́ Rust, dípò rẹ̀. Láti ẹ̀dà 3.4 tó jáde ní 2021 ni Rust, èdè ìkọ̀wé kóòdù kan, ti wọ inú cryptography. Wheel, fáìlì láíbúrárì tí a ti kọ́ tán, dà bí oúnjẹ tí wọ́n ti sè sílẹ̀. Bí pip kò bá rí èyí tó bá ẹ̀rọ mu, èlò tútù ló máa gbé wá, á ní kí ẹ̀rọ yín sè é fúnra rẹ̀. Alpine, irú Linux kan, ni sáfà wa ń lò, láíbúrárì C tó ń jẹ́ musl ló sì wà nínú rẹ̀, kì í ṣe glibc, nítorí náà wheel manylinux, tí a ṣe fún glibc, kò bá a mu. Musllinux, èyí tí a ṣe fún musl, ló yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n pip 20 tó wà níbẹ̀ kò mọ musllinux rárá. Àṣẹ yìí nìkan ló yanjú rẹ̀:

python -m pip install --upgrade pip

Bó bá di dandan kí ẹ sè é fúnra yín:

apk add gcc musl-dev python3-dev libffi-dev openssl-dev cargo pkgconfig

Lórí Debian, ó di build-essential, libssl-dev, libffi-dev, python3-dev, cargo, pkg-config. Bí ó bá ń wá ffi.h, libffi ni kò sí. Bó bá jẹ́ OpenSSL ló ń wá, libssl-dev tàbí openssl-dev ni.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi CRYPTOGRAPHY_DONT_BUILD_RUST=1 sí i kí ẹ lè yẹra fún Rust. Wọ́n ti yọ ọ́ láti ẹ̀dà 35.0. Ẹ má sì padà sí 3.3.2 nítorí kí ẹ lè bọ́ lọ́wọ́ Rust: láíbúrárì tó ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ yín ni, àtúnṣe ààbò kò sì dé ibẹ̀ mọ́. Mi ò gbà láti lo `pytest.importorskip` náà, nítorí yóò fo àwọn ìdánwò 9 yẹn, gbogbo ẹ̀ á sì tàn àwọ̀ ewé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dán ìbuwọ́lù wò.

Mo pa venv mi àtijọ́ rẹ́ kí n tó gba èsì gbọ́:

rm -rf .venv
python -m venv .venv
.venv/bin/python -m pip install -r requirements.txt
.venv/bin/python -m pytest -rs

`-rs` máa ń dárúkọ ìdánwò tí a bá fò. Kò dárúkọ ìkankan, 46 sì yege, lórí kọ̀ǹpútà mi àti lórí sáfà.