Bí A Ṣe Lè Tún Àpótí Àtijọ́ Ṣe fún Ìlò Inú Ilé

Ní ọ̀pọ̀ agboolé ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, a ṣì lè rí àpótí onípákó tí àwọn ìyá àgbà ń kó aṣọ òkè sí, tí wọ́n ti gbé tì sí yàrá ẹrù. Bí igi rẹ̀ bá jẹ́ ìrókò tàbí apá, ó sábà máa ń lálòpẹ́ ju tábìlì tuntun tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi lẹ̀ pọ̀ ṣe, ó sì lè di tábìlì àárín pálọ̀ tí a óò tún máa kó kúbùsù àti ẹní sí nínú.

Kòkòrò ni kí a kọ́kọ́ wá. Kí a tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀, kí a sì rọra fi òòlù kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ìyẹ̀fun igi bá ń dà láti inú ihò wẹ́wẹ́, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ajẹgi ṣì wà níbẹ̀. Ti ikán yàtọ̀, nítorí erùpẹ̀ ni ó fi ń bo ojú ọ̀nà rẹ̀, ìsàlẹ̀ àpótí ni ó sì sábà máa ń gbà wọlé. Pákó tí ọ̀bẹ bá ń wọ̀ bí ẹni gún ẹ̀kọ, kí káfíńtà yọ ọ́, kí ó fi igi gbígbẹ rọ́pò rẹ̀. Èyí tó bá ṣì le ni kí a fi oògùn kòkòrò igi kùn ní ìta gbangba, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́.

A kì í da omi lé irú igi bẹ́ẹ̀ lórí. Àkísà tí a fún dáadáa ni kí a fi nù ún, kí a sì sá a sí ibòòji, nítorí oòrùn gangan a máa mú kí pákó là. Bí àlàfo tín-ín-rín bá yọ láàárín pákó méjì nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣe kánjú dí i: igi máa ń sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, yóò sì tún wú nígbà òjò, ohun líle tí a bá fi dí i lè ti pákó náà yẹ̀.

Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, nítorí náà kí a má fi sánpépà ha á ní gbígbẹ. Kí a rin ín, kí a bo imú, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, fánííṣì tí kò dán jù ni mo fara mọ́; àwọn tó ń fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kun irú àpótí bẹ́ẹ̀ ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́ ni. Híńjì àtijọ́ kò nílò ju búrọ́ọ̀ṣì onírin àti epo díẹ̀ lọ.

Kí a kan ẹsẹ̀ kúkúrú mẹ́rin mọ́ ìdí rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀, kí a sì lè tètè rí ipa ikán. Àgádágodo tó ń ti ara rẹ̀ ni kí a yọ kúrò pátápátá, kí ọmọ tó bá kó sínú rẹ̀ má baà há síbẹ̀.

Tìmùtìmù tí a fi àjákù aṣọ òkè rán yóò sọ ọ́ di ìjókòó, nígbà tí ìkòkò amọ̀ láti ọwọ́ àwọn amọ̀kòkò Òkèlele ní Ìlọrin lè dúró tì í fún agboòrùn àti ọ̀pá, bí a bá bu yanrìn sí ìdí rẹ̀ kí ó má baà ṣubú.